Ọjọ́ Tí Gbogbo Káńpù Sọ̀kalẹ̀ Wá Bá Dína

Ẹ padà jókòó. Mo mọ̀ pé a ti kírun Àlàásárì tán, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ṣíìfù nírọ̀lẹ́ yìí, àwọn tó wá láti Plainfield sì fẹ́ tètè bọ́ sójú títì kí mọ́tò tó pọ̀. Ẹ ṣì jókòó. Orúnkún ń dùn mí, àtirìn láti ilé mi dé Rogers Park níbí kò sì rọrùn fún mi mọ́, síbẹ̀ mo wá, nítorí n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Ojú yín ni mo fẹ́ kí n ti sọ ọ́.

Inú ń bí mi. Ẹ má wulẹ̀ ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Mo ti ń fọwọ́ wọ́nú láti ọjọ́ tí ẹ ti ránṣẹ́ sí Rọ̀fíátù ọmọ mi lórí fóònù pé káńpù sọ́mà tí ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ kò lè gba Múbárákù ọmọ rẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ Múbárákù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e láti ìgbà tí a ti bí i, orí kẹ̀kẹ́ ló máa ń wà, ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ ṣe ohun tó bá ní kó ṣe, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Tí lèmọ́mù bá ṣàdúà, tí gbogbo wa ṣe Àmín, tirẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn tí ilé bá ti pa lọ́lọ́, á lọ sókè lálá, á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ti rí àwọn tó máa ń bojú wẹ̀yìn nígbà náà. Wọ́n rò pé n kò rí wọn.

Bí ẹ bá ní kó má lọ, kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀, ìbá tún sàn. Ẹ wá ní kó wá ní ọjọ́ ìparí, kí ó bá àwọn yòókù ya fọ́tò. Fọ́tò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde nílé. Àwọn ọmọ á sùn pọ̀, wọ́n á jẹun pọ̀, wọ́n á jà, wọ́n á parí ìjà, tiwa á wá dé lọ́jọ́ tí wọ́n ń dẹrù, kó jókòó sí àárín wọn bí òdòdó tí wọ́n gbé sórí tábìlì. Ẹ̀yin á wá gbé e sórí Fesibúùkù pé ẹ ò fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.

Taofíìkì, má wolẹ̀, ìwọ ni alága. Ilé mi ni ìyá rẹ máa ń gbé ọ wá nígbà tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, o sì ti jẹ ẹ̀kọ mi débi tí o fi ń pè mí ní Màámi títí dòní. Nígbà tí mo pè ọ́ ní Olympia Fields tí o ń gbé, mo jẹ́ kí o sọ tẹnu rẹ tán. O ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, it's not personal. Gbogbo room tí wọ́n fún wa, òkè ló wà, kò sí elevator. And who will take him to the bathroom? A ní láti ronú nípa àwọn ọmọ tó kù, Màámi." Mo gbọ́. Lónìí, èmi ni yóò sọ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, a ní dókítà obìnrin kan tó jẹ́ Júù. Ó sọ fún mi pé àwọn ènìyàn òun ní káńpù kan ní Wisconsin, létí adágún, tí wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ lọ ní sọ́mà, wọ́n sì ń wá nọ́ọ̀sì. Rọ̀fíátù ṣì kéré nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ń wa takisí tọ̀sán-tòru, kò sí ẹni tí mo lè fi ọmọ sílẹ̀ fún. Mo bi wọ́n bóyá mo lè mú un dání, wọ́n ní kí n mú un wá. Wọn kò bèèrè irú ẹ̀sìn tí à ń ṣe kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo sọ́mà nìyẹn, títí wọ́n fi tì í pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ háyà yẹn ní káńpù, ẹ kò tíì rí káńpù. Ilé onípákó ni gbogbo ilé ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì, tí ọmọ bá ti jù ú sílẹ̀, á dún gbà. Láàárọ̀, gbà, gbà, gbà, láti ilé dé ilé, ìyẹn ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n ti jí. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kò láàánú. Àwọn ọmọ á jáde nínú adágún, ètè wọn á máa gbọ̀n, wọ́n á sì ní òtútù ò mú àwọn. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n ní orin ọpẹ́ kan báyìí tó gùn, tí wọ́n máa ń kọ sí Ọlọ́run, wọ́n á sì máa fọwọ́ gbá tábìlì débi tí ife á fi máa fò. Èmi tí mo ti ọsibítù wá, orí kọ́kọ́ máa ń fọ́ mi. Nígbà tó yá, tí mo bá padà sí Chicago tí mo jẹun nínú ìdákẹ́jẹ́, á máa ṣe mí bí ẹni pé n kò tíì jẹun tán.

Ilé ìdáná wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Ọ̀kan wà fún ẹran, ọ̀kan wà fún ohun tó bá ní wàrà nínú, ṣíbí ẹ̀gbẹ́ kan kò gbọdọ̀ kan ti èkejì. Ní sọ́mà àkọ́kọ́, mo fi ṣíbí tí mo fi po wàrà Rọ̀fíátù tọ́ ọbẹ̀ adìẹ wò. Ọbẹ̀ gbogbo káńpù. Alásè, obìnrin tí ohùn rẹ̀ le bí agogo, gbá orí mú. Wọ́n da ọbẹ̀ náà nù, àwọn ọmọ jẹ ẹyin àti búrẹ́dì. Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ lọ́kàn. Ọ̀gá káńpù, bàbá arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, wá bá mi, ó bi mí léèrè ohun tí àwa Mùsùlùmí kì í jẹ. Mo sọ fún un. Ó ní ó dáa, a ti mọ ara wa wàyí.

Àwọn ọmọ bíi Múbárákù wà láàárín àwọn ọmọ yòókù. Wọn ò kọ́ ilé tiwọn lọ́tọ̀. Yàrá kan náà, tábìlì kan náà, adágún kan náà. Bẹnì wà níbẹ̀, ọmọkùnrin tí kò sọ̀rọ̀ rí, tí ariwo máa ń dà á láàmú, tó máa ń ju àwo. Agogo oúnjẹ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, nítorí wọ́n ṣàkíyèsí pé ariwo tí òun fúnra rẹ̀ bá pa kì í dà á láàmú. Ìgbà míì, Bẹnì á lu agogo nígbà tí omi kò tíì hó. Gbogbo káńpù á sáré wá, wọ́n á bá tábìlì lófìfo, alásè á jáde síta á máa bú gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó gba agogo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé áńgẹ́lì ni mo fẹ́ pè wọ́n. Ìyá kan wá ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, ó ní òun kò rán ọmọ òun wá kó wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ké. Mo wà níbẹ̀, mo ń di ọgbẹ́ fún ọmọ kan. Ọ̀gá tẹ́tí sí i dáadáa. Ó wá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé bọ́ọ̀sì Chicago á gbéra lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àyè wà nínú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó bá fẹ́ mú un lọ. Ìyá náà kò mú un lọ. Taofíìkì, mo fẹ́ kí o gbọ́ ìyẹn dáadáa. Nígbà tí òbí kan ṣàròyé níbí nípa Múbárákù, ta lẹ fún ní àyè nínú bọ́ọ̀sì?

Mo ń bọ̀ síbi ọ̀rọ̀ Dína. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Kẹ̀kẹ́ ni òun náà ń lò, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè di nǹkan mú, kò lè ṣí ojú ìwé. Ohùn rẹ̀ máa ń fà. Àwọn ọmọbìnrin yàrá rẹ̀ ló ń tì í káàkiri, wọ́n sì máa ń ṣe é wàdùwàdù, tí èmi á máa pariwo lẹ́yìn wọn pé wọ́n á da ọmọ nù. Òun ló máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ó yẹ kí ẹ mọ òfin wọn kan kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ tí wọ́n bá ti tan àbẹ́là, títí ilẹ̀ á fi ṣú ní Sátidé, ìsinmi wọn ni. Wọn kì í tanná, wọn kì í tún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe, wọn kì í sì gbé ohunkóhun kiri níta, ìbáà ṣe ìwé àdúrà. Títi kẹ̀kẹ́ ọmọ náà wà nínú ẹrù gbígbé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá na wáyà yí gbogbo ilẹ̀ náà po, ó di agboolé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ lè gbé nǹkan láti ilé dé ilé, nítorí ó di pé inú ilé ara rẹ̀ ló wà. Wáyà tín-ín-rín, lórí òpó. Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo Jímọ́ọ̀. Wáyà yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n lè ti Dína gun òkè lọ síbi àdúrà.

Lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀ kan, ìjì jà. Igi ya lu wáyà náà, ó já. Ìgbà tí ọkùnrin náà fi máa rí i, wọ́n ti tan àbẹ́là, kò sí ẹni tó tún lè ṣàtúnṣe. Gbogbo káńpù ti wà lórí òkè nínú aṣọ funfun, Rọ̀fíátù tèmi wà láàárín àwọn kéékèèké. Dína àti àwọn ọmọbìnrin yàrá rẹ̀ ló kù nísàlẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ múra tán. Ọkùnrin náà sáré wá sọ fún wọn. Ọwọ́ àwọn ọmọ náà ṣubú kúrò lára kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé ó gbóná.

Èmi wà níbẹ̀. Òfin wọn kò de èmi. Mo ní kí wọ́n máa lọ, èmi á ti Dína gòkè. Ọ̀gá ti sọ̀kalẹ̀ wá wàyí, ó wo ojú mi, mo rí i pé ara tù ú. Mo di kẹ̀kẹ́ mú. Dína ní kí n dúró.

Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán, a sì dúró gbọ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ló máa ń tì mí lọ. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ló tì mí lọ lónìí, aláìsàn ni mo máa jẹ́ lókè."

Ọ̀gá kò bá a jiyàn. N kò gbọ́ kó sọ fún un pé kó máa dúpẹ́ fún ohun tó rí gbà. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó wá yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ àdúrà ni. Inú mi ò dùn sí i. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ púpọ̀, lórí òkúta wẹ́wẹ́, ń bọ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo wọn ni. Àgbà, ọmọdé, alásè, Bẹnì tó di etí rẹ̀ mú, Rọ̀fíátù tó di ọwọ́ ọmọ kan mú. Wọ́n dúró sórí koríko tútù níwájú ilé Dína. Ọwọ́ gbogbo wọn ṣófo, nítorí wọn kò lè gbé ìwé àdúrà bọ̀ láti orí òkè.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà láìsí ìwé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kọsẹ̀. Ẹni tó mọ ìlà kìíní kò mọ ìkejì, àwọn àgbà ń wo ẹnu ara wọn. Dína nìkan ló ń bá a lọ. Ọmọ tí kò lè ṣí ìwé ti há gbogbo rẹ̀ sórí tipẹ́. Ni wọ́n bá dákẹ́, wọ́n ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ohùn rẹ̀ ṣe ń fà. Àdúrà náà gùn. Ẹ̀fọn jẹ wá, ọbẹ̀ tutù, ọmọkùnrin kan sọ fáyé gbọ́ pé ebi ń pa òun. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ náà ṣe kíá.

Mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Mo gbọ́ ọ níbẹ̀ yẹn, lẹ́yìn, ìwọ tí o ń bá ẹnìkejì rẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "But that girl was smart." Ṣé nítorí pé ó mọ àdúrà lórí ni wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀? Wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó mọ ohunkóhun. Ká ní kò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, orí koríko yẹn náà ni wọn ì bá dúró sí. Bẹnì kò mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó lọ dúró ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ má sọ fún mi pé ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu kó tó lè bá ọmọ yín sùn sí yàrá kan náà.

Ẹ tún ní ta ló máa gbé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ẹ wo ara yín. Ìdajì ẹni tó jókòó síbí ló ń ṣiṣẹ́ ọsibítù tàbí ilé àwọn arúgbó. Ẹ ń gbé àgbàlagbà tí ẹ ò mọ̀ rí lọ ilé ìyàgbẹ́ ní gbogbo ṣíìfù, ẹ ń fọ̀ wọ́n, ẹ ń pè wọ́n ní "sweetie". N kò gbọ́ kí ẹ bèèrè níbẹ̀ pé ta ló máa ṣe é. Ó wá kan ọmọ tiwa, ọmọ tí ẹ jẹ ẹran ìkómọ rẹ̀, ẹ ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ènìyàn mọ́. Ojú tì mí fún yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ojú tì mí.

Káńpù yẹn kò sí mọ́. Ọ̀gá kú, owó wọ́n wọn, wọ́n tà á. Èmi àti Rọ̀fíátù yà síbẹ̀ ní sọ́mà tó kọjá. Àwọn olówó ti kọ́ ilé ńláńlá sétí omi, gééètì wà lójú ọ̀nà, ọkùnrin kan jáde wá bi wá pé ta là ń wá. Kò sí òpó, kò sí wáyà, n kò gbọ́ kí ilẹ̀kùn kankan dún. A yí mọ́tò padà.

Ọjọ́ tí ẹ ránṣẹ́ sí i nípa Múbárákù, ó gbé fóònù náà wá bá mi. Mo rò pé á sunkún. Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Màámi, kí ló dé tí àwọn tiwa ò sọ̀kalẹ̀?" Ọmọ mi ti dàgbà di ìyá ọmọ nínú ìlú yìí, ó sì rò pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe nìyẹn, nítorí ohun tó rí ní kékeré nìyẹn. Àwọn Júù ló kọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ já a kulẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kí ara yín ní ọmọ ìyá ní gbogbo Jímọ́ọ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì yín bá fẹ́ gbéra, Múbárákù á wà níwájú ilé yìí pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Èmi náà á wà níbẹ̀. N kò wá bẹ̀bẹ̀. Tí yàrá bá wà lókè, ẹ kó ibùsùn wá sílẹ̀. Tí gbogbo ọmọ bá ní láti sùn nínú gbọ̀ngàn ìjẹun, kí wọ́n sùn níbẹ̀, wọ́n á gbádùn rẹ̀ ju yàrá lọ.

Mo ti sọ tèmi tán. Alùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàdúà fún wa ká lè túká. Ẹ rí Múbárákù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ títí dé ìparí, orí rẹ̀ pé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí ẹ bá ṣe Àmín tiyín tán, kí ẹnikẹ́ni má dìde, kí ẹnikẹ́ni má wá bàtà, kí ẹnikẹ́ni má sì bojú wẹ̀yìn. Ẹ jókòó, kí ẹ dúró de tirẹ̀.